Kíjìpá Tí A Gbé Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí à ń palẹ̀mọ́ ìrìn àjò yẹn, òórùn ẹja yíyan àti epo pupa ló gba pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìlọfà. Àpótí ńlá méjì wà ní ṣíṣí lórí àga, kò sì sí ẹni tó wọlé tí kò ju nǹkan kan sínú wọn. Tí mo bá débẹ̀, màá bá iṣu tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé, màá bá ẹja, màá bá ìgò epo tí wọ́n fi ọ̀rá dì lọ́rùn bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Màá yọ gbogbo rẹ̀. Màá jáde lọ síbi òkúta tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wá díẹ̀, kí n lè ka ohun tí àwọn arìnrìn-àjò kọ. Nígbà tí mo bá fi máa padà wọlé, iṣu ti padà sí àyè rẹ̀. O mọ̀ mí, n kì í pariwo. Ṣùgbọ́n mo payín keke lọ́sẹ̀ yẹn débi pé àgbọ̀n ń dùn mí.

Kí n tó lọ jìnnà, jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kan, irú èyí tó ń kó èèyàn láti Durban ní South Africa lọ sórí òkun, tí wọ́n á jẹ, tí wọ́n á mu, tí wọ́n á wo omi, tí wọ́n á sì padà. N kò tíì wọ yunifásítì nígbà tó kúrò nílé, kò sì tíì padà wá látìgbà náà. Ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ lórí fóònù. Ọdún tí mo parí àgùnbánirọ̀ ló pè pé ilé-iṣẹ́ àwọn máa ń fún ìdílé òṣìṣẹ́ láyè lówó pọ́ọ́kú, pé òun ti gba àyè èèyàn méjì, kí ìyá òun wá kí wọ́n lè fojú kanra. Èmi ni wọ́n yàn pé kí n tẹ̀ lé e, torí mo ti ní pásípọ́ọ̀tì, mo sì gbọ́ èdè òyìnbó. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń wá nínú gbogbo ìrìn àjò náà: kó rí ọmọ rẹ̀, kó jókòó tì í. Ìyókù, ariwo ni.

Nítorí pé n kì í gba ọ̀rọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, mo ka ohun púpọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń lọ irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ nǹkan, màá wò ó bóyá ó ń ta nǹkan. Bí àwọn tí kò ta nǹkan bá fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀, màá mú un. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí mo fẹ́ ẹ tán kò pọ̀. Wọ́n ní kí èèyàn gba yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ti í mì púpọ̀. Wọ́n ní kó dé ìlú etíkun ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ìdádúró ọkọ̀ òfúrufú má baà jẹ́ kí ọkọ̀ omi fi í sílẹ̀. Kó fi oògùn rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, torí àpótí ńlá máa ń pẹ́ kó tó dé yàrá. Kó má gbé oúnjẹ tútù rárá. Lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé nìkan ni ẹnu wọn kò ti kò. Àwọn kan ní yàrá tó ní fèrèsé tó ń wo òkun ló dáa jù. Àwọn kan ní àṣejù ni, pé oorun nìkan ni èèyàn ń sùn nínú yàrá. Èyí kejì mọ́gbọ́n wá lójú mi. Mo yan yàrá tí kò ní fèrèsé.

Wàyí o, kò sí ẹnì kan ní àdúgbò Màmá tó ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní ìmọ̀ràn. Ẹni tó gbé mi lórí ọ̀kadà láti Odò-Ọwá, nínú ẹrẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé táyà mì, fara balẹ̀ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí omi. Ọ̀rẹ́ Màmá kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà gbé omi àdúrà wá nínú ike, ó ní kí a dà á sínú òkun kí a tó gbéra. Mo ṣàlàyé pé wọn kò ní jẹ́ kí a gbé omi wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ó ní, "Ṣé omi ni wọ́n ń bẹ̀rù, àwọn tó fẹ́ gbé yín lọ sórí òkun?" Èyí tó wá lágbára jù ni ti ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Màmá.

"Yàrá òkè ni kẹ́ ẹ gbà," ó wí. "Omi kì í gun òkè."

"Sà, ọkọ̀ yẹn ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́wàá lọ. Nísàlẹ̀ ni kì í ti í mì."

"Tó bá wá ń rì ńkọ́? Ibo ni omi á kọ́kọ́ dé?"

"Kò ní rì, sà."

"Ìwọ lo wà á?" Ó yíjú sí Màmá. "Ìwé pọ̀ lórí ọmọ yìí o. Odò ẹ̀yìn oko yìí gan-an, kò tíì tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tán."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó wá bi mí léèrè fèrèsé. Mo sọ fún un pé kò sí, pé oorun nìkan la máa sùn níbẹ̀.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́?"

"Fóònù máa sọ fún yín, Màmá."

Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ èlùbọ́ rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n orí ìkíni ni ìjà wa gan-an dá lé. O mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Tí ọmọ rẹ bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan, ì báà jẹ́ aṣọ rírán ní Ìlọfà, ì báà jẹ́ mẹkáníìkì ní Ọbọ Ayégúnlẹ̀, o kò lè fi ọmọ sílẹ̀ síbẹ̀ kí o má yọjú. Bí iṣu tuntun bá jáde, wàá di ẹrù, wàá lọ kí ọ̀gá rẹ̀. Wàá ní kó bá ọ na ọmọ náà, kó sì bá ọ kẹ́ ẹ. Ìyá tí kò bá lọ kí ọ̀gá ọmọ rẹ̀, bí ẹni tó sọ ọmọ nù ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìkíni yẹn ti wà lọ́rùn Màmá. Iṣu, epo àti ẹja tí mò ń yọ lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun jíjẹ wa. Ẹrù ọ̀gá ni. Lórí gbogbo rẹ̀, ó wá gbé kíjìpá kan lé e, aṣọ òwú tó nípọn tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun, aláwọ̀ aró, tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí ìyá náà ti kú.

"Ta ló ni ọkọ̀ náà?" ó bi mí.

"Ilé-iṣẹ́ ni, Màmá. Kì í ṣe ẹnì kan."

"Ilé-iṣẹ́ kò lójú, kò lẹ́nu. Ojú ta ni ọma mi ń jí wò láràárọ̀?" Èdè ilé ni Màmá ń sọ, ọmọ ni ó ń pè ní ọma. Èmi ni mò ń tún ìyókù kọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé.

Mo sọ fún un pé mo ti ka òfin, pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ èrò, pé ó lè kó bá ọmọ rẹ̀. Ó tẹ́tí gbọ́ mi dé òpin. Ó wá ní, "Èmi kì í ṣe èrò. Ìyá òṣìṣẹ́ ni mí." Ó ti àpótí náà pa.

Ohun tí mo sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Durban ni ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin aṣọ́bodè kan ṣí àpótí, ó fi ìka méjì mú ẹja jáde, ó sì to iṣu sórí tábìlì bí ẹni ń to ìbọn. N kò tilẹ̀ láyọ̀ pé mo sọ òótọ́, ojú ló ń tì mí. Màmá kò bínú. Ó ní kí n sọ fún obìnrin náà pé kó má jẹ́ kí iṣu yẹn pẹ́ nílẹ̀, pé gígún ló dára fún. N kò sọ ọ́. Kíjìpá nìkan ló kọjá, torí kò sí ẹni tó ń bi aṣọ léèrè ọ̀rọ̀, àti àádùn díẹ̀ tó fi ọ̀rá wé sáàárín Bíbélì àti oògùn rẹ̀ nínú báàgì ọwọ́. N kò mọ̀ nípa àádùn náà. Ìmọ̀ràn mi nípa báàgì ọwọ́ ló lò láti fi í pamọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa yàrá wa. Àárín ọkọ̀ ló wà, nísàlẹ̀, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó wà. Bí ọkọ̀ ṣe kúrò ní èbúté tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì títí ara mi fi rọ bí ewé tí wọ́n gbé síná. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Àbí ìwé kò sọ tèyí?" ó wí, ó sì ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí mi.

Bóyá òkè ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní ọ̀nà tí mo fi lè mọ̀, n kò sì ní parọ́ pé mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí fèrèsé, mo jẹ̀bi láìsí àríyànjiyàn. Inú yàrá yẹn ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Màmá kò gba ti fóònù gbọ́, nítorí náà ìgbàkígbà tó bá ti la ojú ni ilẹ̀ mọ́ fún un, á gbé orin òwúrọ̀, á sì ní kí n dìde gbàdúrà.

Ọmọ rẹ̀ wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́ tí a wọ ọkọ̀. Ó dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀nà tó gba iwájú yàrá wa, nínú aṣọ funfun, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì débi pé àwọn òyìnbó tó ń kọjá ní láti gbẹ́sẹ̀ fò ó. Màmá fà á dìde. Kò sunkún. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, ó sì fi àtàǹpàkò nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọjà.

"Ọwọ́ rẹ ti yí padà," ó wí.

"Iṣẹ́ ìdáná ni, Màmá. Èmi ni igbá kejì ọ̀gá onísè." Ó wẹ̀yìn. "Mo ní láti padà. Màá wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Màmá wọ aṣọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé báàgì lé itan, ó ń wo ilẹ̀kùn. Èmi ń ka gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ fún un: ibi ìwẹ̀, ibi orin, ibi tí wọ́n ti ń jẹ yìnyín dídùn. Ó ní kí n máa lọ. Lọ́jọ́ kẹta ọkọ̀ dúró létí erékùṣù kan, gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí yanrìn. Màmá kò lọ. Ìdí èyí ni inú ṣe bí mi jù. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni ọkọ̀ máa padà sí Durban, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó relé, ìyá yìí á sì ti rin gbogbo ọ̀nà yẹn torí ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ rẹ̀. Mo ní òfin ọkọ̀ ni: òṣìṣẹ́ kì í wọ yàrá èrò, kì í bá èrò jókòó, àfi tí wọ́n bá gbà á láyè.

"Ta ló ń gbà wọ́n láyè?"

"Ọ̀gá wọn ni."

"Ó dáa." Ó dìde, ó mú kíjìpá jáde, ó sì nà án sí apá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n lè lé e kúrò níṣẹ́."

"Tí wọ́n bá lé e, a jọ máa relé ni. Àyè wà nínú àpótí báyìí, wọ́n ti kó iṣu kúrò."

Kí ni èèyàn fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo tẹ̀ lé e. Nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ, wọ́n ti ń palẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ mọ́, òórùn kọfí àti ẹyin dídín ṣì wà níbẹ̀. Màmá dá obìnrin kan tó ń nu tábìlì dúró, ó ní kí n sọ fún un pé òun fẹ́ rí ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń dáná. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó kéré jù lọ tí mo ní, mo ń bẹ Ọlọ́run kí obìnrin náà má gbọ́. Ó gbọ́.

Ọ̀gá náà jáde wá. Ọkùnrin ará Íńdíà kan ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn oúnjẹ kan láràárọ̀ yẹn. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti kúnlẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó sáré bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde, nígbà tí Màmá kò sì gbà, òun náà bẹ̀rẹ̀ dé ilẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, bóyá bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ tiwọn nìyẹn. Bí èyí ṣe ń lọ sílẹ̀ ni tọ̀hún ń lọ sílẹ̀. Èmi dúró láàárín wọn bí òpó, n kò mọ ẹni tí ǹ bá kọ́kọ́ gbé.

"Sọ fún un pé èmi ni ìyá ọmọ Nàìjíríà tó ń fọ ìkòkò," ni Màmá wí.

"Màmá, igbá kejì ọ̀gá onísè ló ní òun jẹ́."

"Sọ ohun tí mo sọ."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ìyókù náà: pé ó dúpẹ́ pé ọkùnrin náà ń tọ́jú ọmọ òun, pé kó má bínú pé òun pẹ́ kí òun tó wá, pé iṣu wà ṣùgbọ́n wọ́n gbà á lọ́nà, pé aṣọ yìí ni ìyá òun hun. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gba kíjìpá, ó sì fọwọ́ pa á. Ó wá bi mí pé láti ìgbà wo ni obìnrin yìí ti wà nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó mi orí. "Kò sí ẹni tó sọ fún mi," ó wí. "Kò béèrè."

Kò béèrè. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì dùn mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n gbá létí. Gbogbo òfin tí mo kà ló rí bí mo ṣe kà á. Ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń gbà, ọ̀gá ló sì ń fúnni. Ọmọkùnrin yẹn kàn jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jókòó sínú òkùnkùn torí pé kò fẹ́ la ẹnu.

Wọ́n pè é jáde. Épírọ́ọ̀nù rẹ̀ rin gbingbin, ọṣẹ tó hó ṣì wà ní apá rẹ̀, nígbà tó sì rí kíjìpá ìyá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó dúró bí igi. Ọ̀gá náà bá a sọ̀rọ̀ ṣókí, ó ní kó máa bá ìyá rẹ̀ lọ, títí di ìgbà tí wọ́n bá ń to àwo ọ̀sán.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ la lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gèlè Màmá bí àsíá. Ó tú àádùn jáde látinú báàgì, ó sì ń fi í lé e lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Epo kán sí aṣọ funfun rẹ̀. Kò sí ẹni tó nù ún. Èmi jókòó díẹ̀ sẹ́yìn, inú mi ń ru sí àwọn méjèèjì.

"N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rí mi níbi tí mo wà ni," ó wí nígbà tó yá.

"Ọwọ́ rẹ ti sọ fún mi lọ́jọ́ tá a dé. Ta ni igbá kejì ọ̀gá tí omi gbígbóná ń bó lọ́wọ́ báyẹn?"

"Ẹ mọ̀, ẹ wá lọ kúnlẹ̀ fún un?"

"Torí mo mọ̀ ni. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ la ń bá bẹ ọ̀gá. Tó o bá ti di igbá kejì, kí ni mò ń wá? Ǹ bá jókòó sí Ìlọfà kí n máa retí owó."

Ó rẹ́rìn-ín, àádùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Màmá gbá a lẹ́yìn. Ó wá gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi wá pè é. Màmá bi í bóyá wọ́n ń jẹ́ kó sùn dáadáa. Ó bi í bóyá ó ń rí ata jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì máa ń bí mi nínú tí mo bá rántí. Bí Màmá bá ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ló dé tí kò sọ fún mi? Mo bi í léèrè nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ó ní mi ò béèrè. Nígbà tí a délé, ọ̀gá tíṣà ti ń dúró dè wá lójú ọ̀nà, kò kí wa tán tó fi béèrè yàrá tí a gbà, Màmá sì sọ fún un pé mo bì. Títí di òní ni ọkùnrin yẹn ń rò ó fún àlejò.

Àwọn èèyàn máa ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi báyìí, pàápàá àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ìlú ńlá, tó bá jẹ́ pé wọ́n wá sílé fún ìsìnkú tí wọ́n gbọ́ pé mo ti wọ irú ọkọ̀ yẹn. N kò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹ tètè dé èbúté, ẹ má gbé iṣu. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ yàrá, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ta ni wọ́n ń lọ rí. Ọ̀pọ̀ máa ń wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n á ní àwọn kò lọ rí ẹnikẹ́ni, àwọn ń lọ gbafẹ́ ni. Fún irú wọn, àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, dára. Ẹni tó bá dárúkọ ẹnì kan fún mi, mo máa ń sọ fún un pé kó gba yàrá tó ní fèrèsé, kó sì fi àyè aṣọ kan sílẹ̀ nínú àpótí.